Ọmọ ahun tó ń ṣa oúnjẹ jẹ: bí ẹ ṣe lè mú un padà sórí koríko

Ìjàpá inú àlọ́ kì í kọ oúnjẹ. Ó jí àsáró gbígbóná rọ sínú fìlà nílé àna rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi pá. Ṣùgbọ́n ahun àkọ́kọ́ tí mo gbé wọlé, ọmọ kékeré tí kò ju ẹyin adìyẹ lọ, ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń gbé ewé síwájú rẹ̀, orí ló ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin já tòmátò kékeré kan sí i, ó gbé e jẹ kíá. Inú gbogbo wa dùn. Láti ọjọ́ náà, tòmátò láàárọ̀, tòmátò lálẹ́, oṣù méjì gbáko. Nígbà tí mo fi máa mọ ohun tí mo ń ṣe, ìgbẹ́ rẹ̀ ti di omi, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ débi pé bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń wọlé.

Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo sì ti bọ́ ọmọ ahun mẹ́rin dàgbà láti ìgbà náà. Ohun tí mo rí lára gbogbo wọn ni pé a kì í bí ọmọ ahun ní aṣajẹ. Àwa la ń kọ́ wọn. Ohun dídùn tí a bá kọ́kọ́ fi sí i lẹ́nu ni yóò máa wá kiri, yóò sì fojú pa gbogbo ewé yòókù rẹ́. Ohun tí a fi ọwọ́ wa kọ́ ọ yìí, a lè fi ọwọ́ wa gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó lè gba oṣù kan, ó lè gba méjì.

Irú ahun wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú, nítorí oúnjẹ wọn kò rí bákan náà. Ahun tí àwọn àgbẹ̀ wa sábà máa ń rí nínú igbó, èyí tí ó lè ká apá ẹ̀yìn igbá rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe ajewé nìkan. Ó ń jẹ olú, èso tó já bọ́ sílẹ̀, ìgbín, ekòló àti ọ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ nínú igbó rẹ̀. Wọ́n ti ń dín kù gan-an, inú ilé kì í sì í bá wọn lára mu.

Èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni sulcata: ahun aláwọ̀ iyanrìn, tí ó ní ẹ̀gún sókísókí ní itan ẹ̀yìn méjèèjì. Etí aṣálẹ̀ ni ilé rẹ̀, láti Senegal títí dé Sudan àti Ethiopia. Nínú àwọn ahun tí kì í gbé erékùṣù, kò sí èyí tó tóbi tó o láyé. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 lọ. Tó bá dàgbà, ó lè wọn kílò 45, àwọn akọ mìíràn sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Òun náà ti di ẹran tó ń kú lọ nínú igbó, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó èyí tí wọ́n mú nínú igbó lọ tà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ wá ọmọ tó jáde nínú ẹyin nílé ẹni tó ń sìn ín. Ẹ sì bi onítọ̀hún ní ìbéèrè kan kí ẹ tó sanwó: kí ló ń fún un jẹ? Ìdáhùn yẹn yóò gbà yín lọ́wọ́ wàhálà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kí ẹ tó pè é ní aṣajẹ

Ahun tí òtútù mú kò lè jẹun. Ara rẹ̀ kì í mú ooru jáde fúnra rẹ̀ bíi tiwa. Oòrùn ló ń gbà. Bí inú rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ kò ní dà, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní fẹnu kàn án. Ibi tó ń gbé ní ọ̀sán yẹ kó wà láàárín 27 sí 30 °C, kí ibì kan sì wà níbẹ̀ tó gbóná tó 35 sí 38 °C níbi tí yóò ti máa yá oòrùn. Ní àsìkò ọyẹ́, láàárọ̀ kùtù, ilé wa kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún ahun ní aago méje àárọ̀ oṣù Ṣẹẹrẹ tí wọ́n sì ń ṣàròyé pé kò jẹ. Ẹ jẹ́ kó yá oòrùn fún wákàtí kan ná.

Omi ló tẹ̀ lé e. Ọmọ ahun máa ń gbẹ kíákíá, ahun tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ kì í sì í jẹun. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, kí ó má kọjá àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 lójoojúmọ́, kí oúnjẹ tó dé. Yóò mu, yóò yàgbẹ́, yóò sì tọ̀. Ẹ wo ohun funfun tó bá ìtọ̀ náà jáde: tó bá rọ̀ bí ògì, ó dára, tó bá le bí iyanrìn, omi kò tó o.

Bí ẹ bá ń sin méjì pọ̀, ẹ ṣọ́ wọn dáadáa. Sulcata kì í fẹ́ràn ẹlòmíràn ní sàkáání rẹ̀. Ọ̀kan á kàn jókòó sórí oúnjẹ, èkejì á fà sẹ́yìn, a ó sì máa rò pé èkejì ló ń ṣajẹ. Nígbà tí mo pín àwọn méjì kan níyà, èyí tí a ń pè ní Yánníbo, tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ̀ kó jẹun, jẹ odidi àwo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kejì. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó jẹun.

Èyí tí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó mojú ilé. Ẹ má máa gbé e han àlejò.

Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun. Mo mọ̀ pé ó dà bí àṣejù, ṣùgbọ́n òun ló máa jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ nígbà tí ahun bá ń kọ oúnjẹ. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tó bá wẹ̀ tán, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ahun tó wọn gíráàmù 40 lọ́sẹ̀ tó kọjá tó wá wọn 39 lónìí, kò tíì sí ewu. Tó bá di 36, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti lọ, ẹ dá ètò yòówù kó jẹ́ dúró kí ẹ wá dókítà ẹranko.

Koríko ni oúnjẹ, ewé ni ọbẹ̀

Bí ẹ ṣe máa rò ó nìyẹn. Nínú igbó, koríko ni sulcata ń jẹ jù, tútù àti gbígbẹ. Ìdá 80 nínú 100 nínú àwo rẹ̀ yẹ kó jẹ́ koríko. Ewé àti òdòdó ni yóò bá a rìn. Okùn inú koríko, èyí tí òyìnbó ń pè ní fibre, ló ń bọ́ àwọn kòkòrò tíntìntín inú ìfun rẹ̀ tó ń bá a da oúnjẹ. Èso dídùn máa ń da àwọn kòkòrò yẹn rú, ohun tó fà á nìyẹn tí ìgbẹ́ ahun mi fi di omi.

Àwọn tí a ní kò ṣòro rí. Gbégi kún ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ẹ̀ẹ̀ran dára púpọ̀. Èèsún dára tó bá ṣì jẹ́ ọ̀mùnú, nítorí etí ewé rẹ̀ tó ti gbó máa ń gé ọwọ́, ẹnu ọmọ ahun kò sì le tó ọwọ́ wa.

Nínú ewé, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni yánrin. Òun àti dandelion tí àwọn olùsìn ahun ní Yúróòpù ń gbé lárugẹ, ìbátan ni wọ́n. Ìyá kan tó ń tà á fún mi ní ọjà Bódìjà bi mí lọ́jọ́ kan pé:

“Ẹ̀yin náà ò kúkú jọ ẹni tó máa ń jẹ yánrin tó báyìí. Ṣé ẹ ń ṣe ìnáwó ni?”

“Rárá o, Mà. Ahun ni mo ń fún.”

“Ahun! Ẹ jẹ́ n ṣa èyí tó tutù fún un nígbà náà.” Láti ọjọ́ yẹn, ó máa ń ya tèmi sọ́tọ̀.

Ewé àti òdòdó hibiscus tí wọ́n ń gbìn yí ilé ká wúlò púpọ̀, ewé ìṣapá náà kò burú. Yúnyún tí àwọn tó ń sin ehoro máa ń já dára. Ewé ọ̀dùnkún dára lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Moríńgà ní kálísíọ̀mù dáadáa, ṣùgbọ́n amúaradàgbà inú rẹ̀ pọ̀; ìwọ̀n tí ẹ lè fi ìka mẹ́ta mú ti tó.

Ó ku àwọn ẹ̀fọ́ tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀, gbúre, ṣọkọ àti pàpásán ní oxalate púpọ̀, ohun tí ń so mọ́ kálísíọ̀mù nínú ìfun tí kò sì ní jẹ́ kó wọ egungun. Fún ahun tó ń dàgbà tí ó ní odidi igbá láti kọ́ sẹ́yìn, àdánù ńlá nìyẹn. Ewé díẹ̀ nínú wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní pa á. Ẹ má kàn fi ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ibi tí ẹ ti já koríko ṣe pàtàkì bí koríko náà. Wọ́n ń fín oògùn apakoríko sí etí ọ̀nà àti àwọn pápá ilé-ìwé. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà àti ohun tó ń fín sí i, ẹ má já nǹkan níbẹ̀. Èmi gbin tèmi sínú ike mẹ́fà lẹ́yìn ilé.

Bí ẹ ṣe máa pò ó

Iṣẹ́ gan-an ló kù yìí. Ẹ mú ohun tó fẹ́ràn jù. Bí tòmátò tàbí ìbẹ́pẹ ni, ẹ kọ́kọ́ fi ewé kan tó rọ̀ rọ́pò rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, bíi lẹ́tùsì, kí ẹ fún omi èso náà sí i lára kó lè gbóòórùn rẹ̀. Èso kò rọrùn láti pò mọ́ koríko. Ewé ni ó ń gbà.

Ẹ wá fi sísọ́ọ̀sì gé ewé náà wẹ́wẹ́, kó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ gé gbégi tàbí ẹ̀ẹ̀ran wẹ́wẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìpín 9 ewé sí ìpín 1 koríko. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kí ẹ sì fi ọwọ́ pò ó títí koríko yóò fi lẹ̀ mọ́ ewé. Omi yẹn ni àṣírí rẹ̀. Koríko tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan, ahun yóò kàn yẹra fún un; èyí tó lẹ̀, bó ṣe ń bu ewé jẹ ni yóò máa gbé e mì, tí adùn rẹ̀ yóò sì máa mọ́ ọn lẹ́nu.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ yọ ìpín kan kúrò nínú ewé, kí ẹ fi ìpín kan kún koríko. Tí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, ọjọ́ 28 ni yóò gbé yín dé ìpín 8 koríko sí ìpín 2 ewé. Tèmi kò lọ geere rí. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń dá dúró ni ìgbà tí koríko bá tó ìpín 4 tàbí 5, nígbà tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí ojú ju ewé lọ. Bí ó bá fi ọjọ́ méjì kọ̀ ọ́, ẹ padà sẹ́yìn ní ìpín kan, kí ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ gbé tòmátò jáde nítorí àánú. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá ṣe é, ó ti mọ̀ pé bí òun bá dúró pẹ́ tó, tòmátò ń bọ̀. Mo ti ṣe é. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi san án padà.

Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ni láti rí i kó yí orí kúrò lórí àwo. Ẹ wo òṣùwọ̀n. Ọmọ ahun tí ara rẹ̀ yá, tí ó ń wẹ̀ lójoojúmọ́ tí ó sì ń yá oòrùn, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí kò fi jẹun dáadáa kò ní ṣe é ní nǹkan.

Àwọn ohun kéékèèké kan tún ń ràn án lọ́wọ́. Ojú ahun máa ń lọ síbi àwọ̀ pupa àti òféèfé, nítorí náà ẹ já òdòdó hibiscus pupa kan lé àwo lórí. Tó bá wá bu òdòdó, yóò bu èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ sórí òkúta pẹlẹbẹ dípò iyanrìn: kò ní gbé iyanrìn mì, òkúta náà yóò sì máa bá a gé ẹnu rẹ̀ tó ń gùn. Ìwọ̀n oúnjẹ ọjọ́ kan yẹ kó tó igbá ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹ bá kó o jọ.

Lẹ́yìn tí koríko bá ti di tirẹ̀, ẹ máa yí ewé tó ń bá a rìn padà. Nílé mi, yánrin ló ń ṣáájú ọ̀sẹ̀, hibiscus ń tẹ̀ lé e, a ń fi ọjọ́ kan jẹ yúnyún, ọjọ́ kan jẹ́ koríko nìkan. Mi ò kọ ọ́ sára ògiri. Mo kàn rí i pé ewé kan náà kò di ọjọ́ mẹ́ta léra wọn, nítorí ọjọ́ kẹrin ni ìfẹ́ ẹyọ kan tún máa ń bẹ̀rẹ̀.

Igbá tó le, igbá tó tẹ́jú

Kálísíọ̀mù gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì phosphorus nínú oúnjẹ rẹ̀, ó kéré tán. Èèpo ẹyin tí a sè, tí a sá gbẹ, tí a sì lọ̀ kúnná bí ẹ̀lùbọ́ ti tó. Ìkarahun ìgbín tí a lọ̀ náà ṣe é lò. Ẹ bù ú wọ́n orí oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n láìsí oòrùn, asán ni, nítorí oòrùn ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ ṣe fítámì D3 tí yóò fi lo kálísíọ̀mù náà. Oòrùn tó gba inú gíláàsì fèrèsé wọlé kò ka. Ẹ gbé e síta láàárọ̀ níbi tí òjìji wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi í sínú ike tàbí báàfù lábẹ́ oòrùn lásán láéláé. Yóò sè kí ẹ tó yíjú padà.

Àwọn kan máa ń di ẹ̀bi igbá tó ṣe gele-gele bí òkè kéékèèké ru amúaradàgbà nìkan. Ìwádìí kan tí Wiesner àti Iben gbé jáde ní 2003 lórí ọmọ sulcata fi hàn pé gbígbẹ afẹ́fẹ́ ló ń fà á jù. Nítorí náà, tí ọyẹ́ bá dé, ẹ ṣe ihò kékeré kan fún un tí ilẹ̀ inú rẹ̀ tutù díẹ̀, kó máa sùn síbẹ̀.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ àwo

Búrẹ́dì, ìrẹsì, ẹ̀kọ, ẹran, oúnjẹ ajá: rárá. Kídìnrín rẹ̀ kò wà fún irú ẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ewúrẹ́ ń jẹ ní májèlé. Ewé kókò máa ń ta ẹnu àti ọ̀fun. Ọ̀dúndún àti àbámodá, bó ti wù kí wọ́n wúlò fún ènìyàn tó, lè ba ọkàn ẹranko jẹ́. Ìmí eṣú ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Làrà, lápálápá, bomubomu, ẹ fa gbogbo wọn tu kúrò nítòsí ibi tó ń rìn. Ọrọ́ tó ní oje funfun jọ cactus, kì í sì í ṣe cactus. Oje rẹ̀ lè fọ́ ojú, ti ahun àti tiyín.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, iṣẹ́ kan náà ni. Dandelion ni yánrin yín, koríko gbígbẹ tí wọ́n ń tà fún ehoro ni gbégi yín. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí ẹ tó gé e. Ẹ gbọ́dọ̀ ra gílóòbù UVB, èyí tó ń tan irú ìtànṣán oòrùn tí ara fi ń ṣe fítámì D3, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣe là á sílẹ̀, nítorí UVB inú rẹ̀ máa ń tán nígbà tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn.

Ìgbà tó di ti dókítà

Imú tó ń yọ ìfófòó, ojú tó wú tí kò ṣí, ẹnu tó ń ṣí sílẹ̀ láti mí, ìgbẹ́ tí kò jáde fún ọ̀sẹ̀ kan, igbá tó ń rọ̀ sí i: ẹ má fi ewé tàn án mọ́. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ gbé ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí dání, kí ẹ sì bu ìgbẹ́ rẹ̀ tuntun sínú ọ̀rá kí wọ́n lè wo aràn. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ahun ní abẹ́rẹ́ ivermectin, èyí tí wọ́n ń gún fún ajá àti ewúrẹ́ káàkiri. Ó ń pa ahun. Bí ẹni tó ń tọ́jú ẹran ní àdúgbò yín bá mú un jáde nínú àpò, ẹ gbé ahun yín, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Sulcata tí a bá tọ́jú dáadáa lè kọjá ọdún 50. Nígbà tí Alágba, ahun ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ààfin ní ó ti lo ọdún 344. Àwọn onímọ̀ ẹranko kò gba iye yẹn gbọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé ó pẹ́ láyé. Oṣù méjì tí ẹ fi ń gé koríko wẹ́wẹ́ kò jẹ́ nǹkan kan nínú irú ọjọ́ ayé bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa gbé e sí àgbàlá, tí yóò rìn kọjá lára yánrin tí ẹ gbìn, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ já gbégi tó wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó gé e fún un. Lọ́jọ́ náà, ẹ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ má tíì gbé sílẹ̀.